Báwo ni yunifásítì ṣe lè mọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tó máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, àti iye tó máa nílò ẹ̀yáwó?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí iye àwọn tó kọ orúkọ iléèwé yín sínú fọ́ọ̀mù JAMB o. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní dé ọ̀dọ̀ yín. Iye tó gba ìwé ìgbàwọlé àti iye tó forúkọ sílẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi wéra. Ká ní 1,000 gbà á lọ́dún tó kọjá, tí 820 sì sanwó. Tẹ́ ẹ bá máa fún 1,200 lọ́dún yìí, ẹ máa retí nǹkan bíi 984. Bákan náà lẹ máa fi iye tó wà ní level kan wé iye tó dé èyí tó tẹ̀ lé e, láti 100 level dé 400 level.

Ọdún tí ò jọra ló máa ń da ìṣirò rú. Oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gbà lọ́dún 2022. Ẹ yà á sọ́tọ̀.

Ti ẹ̀yáwó ló le jù. Iye tó tọrọ owó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, kọ́ ni iye tó nílò rẹ̀. Ní Ìlọrin níbí, ọ̀pọ̀ tó nílò rẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bóyá èlé wà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó tọrọ ọ (kò sí). Tẹ́ ẹ bá sì pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè ní àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì Tanké nìkan, àwọn tó ti rówó san lẹ ń bi. Ẹni tí ò rí i san ti wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ ní Ọ̀fà, tàbí kó máa bá ìyá ẹ̀ ta ata ní ọjà Ìpàta. Ẹ wá àkọsílẹ̀ àwọn tó gba ìwé ìgbàwọlé tí wọn ò forúkọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ pè wọ́n lórí fóònù.