Ṣé àánú ni wọ́n fi fagi lé gbèsè Nàìjíríà ní ọdún 2005?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í tán nídìí àtẹ oníwèé ìròyìn ní Ọláìyá, níhìn-ín ní Òṣogbo, níbi tí àwọn kan ti ń pè é ní àánú, tí àwọn mìíràn sì ń pè é ní ìrẹ́jẹ. Lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ ayánilówó tí wọ́n ń pè ní Paris Club fagi lé nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú nǹkan bíi bílíọ̀nù 30 tí a jẹ wọ́n, ṣùgbọ́n kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà ní láti san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là, tí a sì san án tán ní oṣù kẹrin ọdún 2006, nígbà tí epo rọ̀bì wọ́n lọ́jà àgbáyé. Apá ńlá nínú gbèsè náà kì í ṣe ojú owó tí a yá, bí kò ṣe èlé àti owó ìtanràn tó ń gorí ara wọn láti àwọn ọdún 1980, púpọ̀ rẹ̀ lábẹ́ ìjọba ológun tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn. Nítorí náà, mi ò lè pè é ní àánú.