Log sshd, Windows àti Apache: aago ló máa dà yín láàmú, kì í ṣe orúkọ field

Ẹ béèrè pé orúkọ wo lẹ máa fún àdírẹ́ẹ̀sì IP kí log (àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà) ti sshd tó ń jẹ́ kéèyàn wọ server láti òkèèrè, ti Windows, àti ti Apache tó ń gbé ìkànnì jáde, lè bára mu. source.ip ni, bó ṣe wà nínú Elastic Common Schema, àkójọ orúkọ field tí ilé-iṣẹ́ Elastic gbé kalẹ̀. Orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé, user.name. Ìyẹn ò le. Aago ni wàhálà.

Syslog àtijọ́ (ọ̀nà tí sshd ń gbà kọ log rẹ̀), ti ìlànà RFC 3164, kì í kọ ọdún, kì í sì í sọ aago ìlú wo ló ń lò. "Jan  5 08:14:02" nìkan lẹ máa rí. Windows ń fi UTC (aago àgbáyé) sínú XML rẹ̀, ṣùgbọ́n aago ìlú yín ni Event Viewer, tẹ́ ẹ fi ń wo log rẹ̀, ń fi hàn. Apache ní tiẹ̀ ń kọ +0100 (wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago Èkó) sẹ́yìn. Tí Logstash yín, tó ń ka log tó sì ń tò ó, bá wà nínú container Docker tí aago rẹ̀ jẹ́ UTC, tẹ́ ẹ ò sì kọ timezone => "Africa/Lagos" sínú date filter (ibi tó ti ń ka aago) ti syslog, ohun tó ṣẹlẹ̀ láago mẹ́jọ l'Ékòó á di aago mẹ́sàn-án nínú Kibana, tẹ́ ẹ ti ń wo log náà. Ẹ tún wo àyè méjì tó wà lẹ́yìn Jan yẹn: ọjọ́ 1 sí 9 ló ń rí bẹ́ẹ̀. "MMM  d HH:mm:ss" àti "MMM dd HH:mm:ss" lẹ máa kọ, méjèèjì. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀, Logstash ò ní pariwo. Á kàn lẹ _dateparsefailure mọ́ ọn, á sì fi àkókò tí log dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe @timestamp, ìyẹn àkókò tí wọ́n á kà sí ti event náà.

Tẹ́ ẹ bá láṣẹ lórí server náà, ẹ jẹ́ kí rsyslog, tó ń kọ syslog lórí Linux, lo RSYSLOG_SyslogProtocol23Format. RFC 5424 nìyẹn, ọdún àti aago pé síbẹ̀. Àwọn consultant á ní kẹ́ ẹ ra SIEM (irinṣẹ́ tó ń kó log jọ fún ààbò), pé á tún gbogbo ẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Irinṣẹ́ ò mọ ìlú tí server yín wà.

Ẹ má da nọ́ńbà severity (bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó) kọ o. 4 jẹ́ warning ní syslog, information ló jẹ́ ní Windows. Event 4625 ti Windows, ti ẹni tó fẹ́ wọlé tí kò ṣeé ṣe, máa ń ní Level 0. Emergency ni 0 ní syslog.

Nínú 4625 kan náà, TargetUserName (orúkọ tí wọ́n fẹ́ fi wọlé) lẹ máa mú, kì í ṣe SubjectUserName (account tó béèrè pé kí wọ́n wọlé). IpAddress rẹ̀ lè jẹ́ "-" lásán, Elasticsearch, tó ń tọ́jú log náà, á sì kọ̀ láti gba gbogbo event náà nítorí pé "-" kì í ṣe IP. Ẹ yọ "-" náà kúrò kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì tọ́jú log gangan sínú event.original.