Ṣé mo lè gbé kóòdù tí mo kọ fún ìgbádùn ara mi síta láìkọ àlàyé sí i, láìsì dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fi kóòdù tọrẹ láìgba kọ́bọ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ìwé ìtọ́nisọ́nà tàbí àtúnṣe.

Ohun tí o kò gbọdọ̀ fò ni láísẹ́ńsì, ìyẹn ìwé tó sọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn lè fi kóòdù náà ṣe. Bí kò bá sí i, àwọn ènìyàn lè wo kóòdù rẹ lórí GitHub (ìkànnì tí a ti ń pín kóòdù), wọ́n tiẹ̀ lè fork rẹ̀ (ṣe ẹ̀dà rẹ̀) níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní àṣẹ láti lò ó nínú iṣẹ́ tiwọn. Láísẹ́ńsì MIT kúrú gan-an, ó sì sọ ọ́ kedere pé bí kóòdù náà ṣe rí ni ẹni tó mú un ṣe gbà á, láìsí ìdánilójú kankan. Ohun tí ò ń wá gan-an nìyẹn.

Jọ̀wọ́, kí o tó gbé e síta, wá password àti kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí kóòdù fi ń lo iṣẹ́ orí ayélujára) inú rẹ̀ dáadáa. Pípa wọ́n rẹ́ nínú commit (àyípadà tí a fi pamọ́) tuntun kò tó, nítorí Git, ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ kóòdù, ń tọ́jú gbogbo àyípadà àtẹ̀yìnwá. Lọ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà níbi tí o ti gbà á.

Bí o kò bá fẹ́ ìbéèrè, pa Issues (ibi tí àwọn ènìyàn ti ń kọ ìbéèrè àti àròyé) nínú Settings, tàbí kí o sọ repo náà (àpò tí kóòdù rẹ wà) di archived, kó di kíkà nìkan. Lójú tèmi, ìlà kan nínú README (fáìlì àlàyé tí ènìyàn kọ́kọ́ ń rí) tó: “Ara mi ni mo kọ èyí fún, mi ò ní máa tún un ṣe.”