Fẹ́sípà àtijọ́: èyí tó ń dán ni, àbí èyí tí eruku bò?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá Fẹ́sípà àtijọ́ rà, torí irú rẹ̀ ni bàbá mi fi ń gbé wa lọ sílé-ìwé. Méjì ni mo ti rí báyìí. Ọ̀kan wà ní Gáà-Àkànbí n'Ílọrin: pupa ni, ó ń dán bíi dígí, ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọ́n tẹ kíìkì rẹ̀ ló dáhùn. 650,000 náírà ni wọ́n ní kí n mú wá. Èkejì wà ní Òmù-Àrán, nílé bàbá ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti dolóògbé. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lábẹ́ tapólì, kò ṣiṣẹ́, eruku àti ìgbẹ́ adìyẹ ló bò ó. Àkọ́bí bàbá náà ní 280,000. Èwo ni kí n rà, kí wọ́n má bàa rẹ́ mi jẹ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mi ò tíì fojú kan ìkankan nínú méjèèjì, torí náà mi ò lè sọ pé ra èyí, fi tọ̀hún sílẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi ni, Òmù-Àrán ni màá kọ́kọ́ lọ, màá sì mú òòfà dání. (Òòfà ni mo wí o, kì í ṣe ìlú yín.)

Etí ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra Fẹ́sípà. Wọ́n á ní kí olówó rẹ̀ tẹ kíìkì, á dáhùn, inú wọn á dùn, owó á jáde. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló rọrùn jù láti tún ṣe lára rẹ̀. Alùpùpù tí ọlọ́kadà ń gùn ní egungun: páìpù irin ló gbé e dúró, ìyókù kàn rọ̀ mọ́ ọn ni. Fẹ́sípà ò ní egungun lọ́tọ̀. Láti ọdún 1946 tí ilé-iṣẹ́ Piaggio ti gbé e jáde ní Ítálì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó pọ̀ ló jẹ́ egungun òun awọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Corradino D'Ascanio tó ya àwòrán rẹ̀, ẹlẹ́rọ ọkọ̀ òfuurufú ni, bí wọ́n ṣe ń ṣe ara bàálù ló sì mú wá sórí ilẹ̀. (Agbọ́n ni wọ́n ń pè ní "vespa" lédè wọn. Wo ìdí rẹ̀ tó tóbi àti ìbàdí rẹ̀ tó tín-ín-rín, kó o sì gbọ́ ohùn rẹ̀, wàá mọ ìdí.) Tí irin yẹn bá ti jẹrà nísàlẹ̀, egungun ló jẹrà, ọ̀dà kì í wo egungun sàn.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Fẹ́sípà aláwọ̀ ewé kan ni. Ẹni tó tà á fún mi ti kùn ún débi pé mo rí eyín ara mi nínú àyà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó bo ẹsẹ̀ ẹni níwájú. Mo gbé e kúrò n'Ílọrin, mo forí lé Àjàṣẹ́-Ìpo. A ò tíì dé Ìdọ̀fìán tí mo fi tẹ bíréèkì, ni ibi tí mo fẹsẹ̀ lé bá rì lábẹ́ bàtà mi bíi páálí tí òjò pa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fi sukurudiráfà họ ọ́. Bọ́dìfílà (àtè tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún) tó jábọ́ tóbi tó àkàrà, ó sì le ju àkàrà lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí agolo mílíìkì tí wọ́n là, tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n fi bo ihò. Àwòrán màlúù ara agolo náà ṣì hàn kedere, ó ń wò mí. Owó tí mo san fún wẹ́dà lẹ́yìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo fi ra ọkọ̀.

Torí náà, abẹ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, dùbúlẹ̀ lé e, kó o tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ọkọ̀. Wàá rí àwọn irin tó dábùú abẹ́ ibi ìfẹsẹ̀lé bí igi àjà. Ibi tí wọ́n ti pàdé pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ ni omi máa ń sùn sí. Wo ojú ihò tí ẹsẹ̀ bíréèkì gbà jáde. Wo ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ kó tó di ilẹ̀. Ìpẹtà tó jẹ́ ti ojú nìkan, tó o bá họ ọ́ tó o bá irin líle lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹjọ́. Èyí tí sukurudiráfà bá gba inú rẹ̀ kọjá ni kó o kọ sínú ìwé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òòfà. Ti inú sípíkà rédíò tó ti kú ló dáa jù, ó máa ń lágbára. Fi hánkáṣíìfù wé e kó má bàa ha ọ̀dà ọlọ́dà, kó o wá máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lórí àyà, lórí ilẹ̀, lọ sí ẹ̀yìn. Níbi tí irin wà, á gbá a mú, wàá ní láti já a kúrò ni. Níbi tí fílà ti nípọn, á kàn máa yọ̀ lọ bí ẹni pé orí pákó ló wà. Fi eegun ìka kàn án níbẹ̀: irin á dún bí agogo, fílà á dún kù-kù bí ògiri. Ibi tí ọwọ́ méjèèjì àti iná iwájú wà, alùmíníọ́ọ̀mù ni, òòfà ò ní mú un. Má torí ẹ̀ bá wọn jà.

Èyí ló mú kí ara mi máa fà sí ti Òmù-Àrán. Ọ̀dà àtijọ́ tó ti ṣì, tó ti ha, kò lè purọ́ fún ọ. Ohun tó bà jẹ́ wà níta. Ti pupa yẹn ńkọ́? Ó lè jẹ́ iṣẹ́ gidi o. Béèrè fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, torí ẹni tó náwó sórí irin tuntun máa ń fẹ́ fi hàn. Tí wọn ò bá ní, wo rọ́bà, wo wáyà, wo orí bóòtù. Tó o bá rí ọ̀dà pupa lórí gbogbo ìyẹn, ẹni tó kùn ún ń kánjú, ọjà ló sì ń kánjú lọ.

Nísinsìnyí, orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló wà: ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ sára irin ara rẹ̀, ọ̀kan tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì. Ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ kó o wá wọn, fi kẹrosíìnì nu ọ̀rá kúrò. Lẹ́tà tó ṣáájú ni yóò sọ irú ẹni tó jẹ́. VBB1T jẹ́ Fẹ́sípà 150 (ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìyẹn) ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí i, tó ń lo táyà kékeré oní-ínṣì 8. VLB1T ni irú tí wọ́n ń pè ní Sprint, VLX1T ni èyí tí wọ́n ń pè ní PX 150, táyà oní-ínṣì 10 ni àwọn méjèèjì. Ti ẹ́ńjìnnì, M ló máa ń wà níbi tí T wà: VLX1T lára, VLX1M lẹ́ńjìnnì. Lẹ́tà wọ̀nyí ló yẹ kó bára mu. Nọ́ńbà gígùn tó tẹ̀ lé wọn kì í dọ́gba láti ilé-iṣẹ́ wá, àwọn tí kò mọ̀ sì ti torí ẹ̀ sá fún ọkọ̀ tó mọ́ bí omi. Tí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ ti òmíràn, kò ní kó má rìn, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti wálẹ̀.

Ṣọ́ra fún ọmọ Íńdíà tó ń jẹ́ orúkọ Ítálì. Bajaj, àwọn kan náà tó ń ṣe Boxer tó wà lójú pópó yìí, gba ìyọ̀ǹda Piaggio láti máa ṣe Fẹ́sípà títí di 1971, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń ṣe Chetak tiwọn tó jọ Sprint bí ìbejì. Kò burú láti gùn, ó lágbára. Kí wọ́n má ṣáà tà á fún ọ níye ti Ítálì.

Ẹ́ńjìnnì, kí n sáré sọ ọ́. Ti Gáà-Àkànbí, pè wọ́n kó o tó lọ pé kí wọ́n má tíì tan án; tó o bá dé, fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì. Tó bá gbóná, wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ kó o tó dé nìyẹn. Èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àrùn, torí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ ni. Àmọ́ tó bá ti gbóná tán tí èéfín funfun ṣì ń rú bíi ti ẹni tó ń yan ẹja, rọ́bà tó di ọ́ìlì jíà mọ́ ti gbó, ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì ọ̀hún. Tó bá ń ké sókè fúnra rẹ̀ tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn sì burú jù, òun ló ń mú kí písítìn gbóná mú. Gùn ún gun òkè, kó o fi jíà kejì sí i: tí jíà bá já kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó di kí wọ́n la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Béèrè bí wọ́n ṣe ń po ọ́ìlì. Fún VBB, Sprint àti PX, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìyẹn mílílítà 100 nínú líta 5. Ẹni tó bá ní "ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n", máa fi owó písítìn sí ìṣirò rẹ. Ti orí mítà, kílómítà tó kọ síbẹ̀, gbàgbé ẹ̀.

Ti Òmù-Àrán, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ kíìkì rẹ̀, títí kan ìwọ. Bọ́ plọ́ọ̀gì, ta ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò rẹ̀, dúró, kó o wá fọwọ́ rọra yí fáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá yí, ìròyìn ayọ̀ ni. Tó bá ti gan, kì í ṣe òpin, ṣùgbọ́n owó ni. Ka ohun tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú: ìdérí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kabúrétọ̀, iná iwájú, táyà àfipamọ́. Àga, wáyà, rọ́bà, gbogbo ìyẹn la lè rí ṣe níhìn-ín. Ìdérí ẹ̀gbẹ́ àtijọ́ tó bá sọnù, àǹfààní ni tó o bá rí òmíràn lọ́dún kan.

Iye wá ńkọ́? Má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí wọ́n pè. Béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó ń gun irú rẹ̀ pé, tó bá pé tó sì ń rìn, èló ni wọ́n ń rà á báyìí. Ká ní wọ́n ní 600,000. O ti kọ gbogbo àìsàn sínú ìwé. Gbé ìwé náà lọ bá wẹ́dà, bá mẹkáníìkì. Ká ní wẹ́dà ní 120,000, ẹ́ńjìnnì 110,000, táyà àti wáyà 60,000. 290,000 nìyẹn, ó ku 310,000. Yọ nǹkan bí 60,000 fún ohun tí ojú ò tíì rí, torí ó dájú pé yóò wà. 250,000 ni tìrẹ, kì í ṣe 280,000, àmọ́ ẹ ò jìnnà síra. Ṣe irú ìṣirò kan náà fún ti pupa: tí òòfà bá ń yọ̀ káàkiri ilẹ̀ rẹ̀, ìdajì ohun tí wọ́n pè ló lè má tó.

Ọ̀rọ̀ kan ku nípa ti Òmù-Àrán, òun ló sì lè gbé ọ dé kóòtù. Àkọ́bí ló ń bá ọ dúnàá-dúrà, àmọ́ ogún kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan. Béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá àwọn àbúrò rẹ̀ àti ìyá wọn mọ̀. Mo mọ oníbàárà kan tó sanwó tán, tó gbé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù mi, kí ọmọ olóògbé kan tó dé láti Àbújá pé ọkọ̀ bàbá òun kì í ṣe títà. Oṣù mẹ́fà ló fi wà lọ́dọ̀ mi, tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n kọ ìwé, kí àwọn àgbà nínú ọmọ fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí wà. Gba ìwé ọkọ̀ àtijọ́, bó ti wù kó gbó tó, kó o fi nọ́ńbà inú rẹ̀ wé ti ara irin. Tí wọ́n bá ti fi fáìlì họ nọ́ńbà ara irin, dìde, kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìyá wọn lè má mọ iye ohun tó wà lábẹ́ tapólì yẹn. Tí ìwé tó o kọ bá fi hàn pé ó ju 280,000 lọ, sọ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá ti gbà, má ṣe dán an wò pé wàá gùn ún wálé. Wá píkọ́ọ̀pù, da epo àtijọ́ inú táńkì nù, gbé e dúró ṣánṣán, kó o so ó lọ́tùn-ún lósì. Kí òkùn gba orí ìdúró rẹ̀ àti abẹ́ àga, má so ó mọ́ ọwọ́ rẹ̀.