Ẹ̀gà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ fi odídẹrẹ́ sílẹ̀ ná

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa kọ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ nípa ẹyẹ, kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó kíláàsì, kí àwọn òbí náà sì máa rí i lórí WhatsApp. Ẹ wá ń béèrè ẹyẹ tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, àti bóyá kí orúkọ Látìn wà níbẹ̀.

Ẹ̀gà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀pẹ tàbí igi ńlá kan bá wà nítòsí ilé ẹ̀kọ́ yín, ó ṣòro kí ẹ̀gà má sí níbẹ̀, ariwo wọn ni yóò sì mú yín dé ìdí igi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń kọ ọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ẹyẹ kan, gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n ó kọ́kọ́ sọ, wọ́n ó wá máa to àwọ̀ orí, àwọ̀ ọrùn, àwọ̀ ìdí tẹ̀ léra bí ẹni ń ka ẹrù fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹyẹ tó ti kú sínú àpótí ni wọ́n ń júwe. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò ní ka ìlà kejì. Ohun tí ẹyẹ ń ṣe ni kí ẹ fi ṣí ọ̀rọ̀, kó jẹ́ ohun tí ọmọ lè jáde lọ wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ti ẹ̀gà rèé. Akọ ló ń hun ilé. Á fi àgógó gé etí ewé ọ̀pẹ, á di ibi tó gé náà mú, á sì fò lọ kí ewé náà lè ya tẹ̀ lé e bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Òrùka ló kọ́kọ́ ń hun, inú òrùka yẹn ni yóò sì dúró sí tí yóò fi hun yàrá yí ara rẹ̀ ká. Ẹnu ọ̀nà á kọjú sí ilẹ̀. Tó bá parí, á rọ̀ mọ́ abẹ́ ilé náà, á dorí kodò, á máa gbọn ìyẹ́ apá méjèèjì, á máa pariwo kí abo lè wá yẹ ilé wò. Ilé tí ewé rẹ̀ ṣì tutù ni abo fẹ́. Tí abo bá kọ ilé náà títí ewé rẹ̀ fi gbẹ, akọ fúnra rẹ̀ ló máa tú u, á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ wo abẹ́ igi, ẹ máa rí èyí tó ti já sílẹ̀. Ẹ mú un wọ kíláàsì.

Lẹ́yìn ìyẹn, àmì méjì tó: orí dúdú, ẹyinjú pupa. Ní ti títóbi, ẹ ní ó ju ológoṣẹ́ lọ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ 120 sí 150, ẹ dúró.

Àwòrán ni yóò fìyà jẹ yín. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹ̀gà tí Google máa gbé wá lè jẹ́ ti Gúúsù Áfíríkà, èyí tí àtàrí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, tó jẹ́ pé ojú nìkan ló dúdú. Tiwa níhìn-ín, gbogbo orí ló dúdú, pẹ̀lú pupa tó ṣú díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ẹyẹ kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ tó gbójú sókè wo igi máa sọ pé irọ́ ni tíṣà ń pa. Kò tán síbẹ̀. Lórí igi yẹn kan náà, ẹyẹ mìíràn sábà máa ń hun ilé láàárín wọn: akọ rẹ̀ dúdú, ẹ̀yìn àti ikùn rẹ̀ pupa tó ṣú, ẹyinjú rẹ̀ sì mọ́ bí ìyeyè. Ploceus nigerrimus ni orúkọ Látìn rẹ̀. Tí ẹ bá wá àwòrán rẹ̀, ti Ùgáńdà ni ẹ máa rí, tó dúdú kirikiri láti orí dé ìrù, tí kò jọ tiwa rárá. Ẹ tún fi ti abo kún un. Kò ní orí dúdú, ọmọ á sì pè é ní ológoṣẹ́. Nígbà tí wọn ò bá sì hunlé, akọ pàápàá máa ń bọ́ ìyẹ́ dúdú orí rẹ̀, á wá dà bí abo. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á ní ẹ̀gà ti kó kúrò nílùú.

Nítorí náà, kí ẹ tó mú àwòrán kankan, ẹ wo ibi tí wọ́n ti yà á àti oṣù tí wọ́n yà á. Lórí eBird, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó àkọsílẹ̀ àti àwòrán ẹyẹ tí wọ́n rí sí, ẹ lè sọ pé Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ tàbí Gánà nìkan ni ẹ fẹ́. Ẹ gbàṣẹ, ẹ kọ orúkọ ẹni tó yà á.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Tó bá bà lórí wáyà iná, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni. Èyí tí ìdí rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń fò káàkiri lọ́pọ̀ yanturu tí wọ́n ń han lábẹ́ bíríìjì àti òrùlé gíga, kì í bà lórí wáyà láé, ẹyẹ mìíràn ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ju kó rọ̀ mọ́ ògiri lọ. Ìyẹ́ àti koríko tó fi itọ́ lẹ̀ pọ̀ ló fi ń kọ́lé, kì í lo amọ̀. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó ti Yúróòpù wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn náà kì í kọ́lé lọ́dọ̀ wa, torí náà ẹ má fi àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alámọ̀.

Lékèélékèé, ẹ fi pa mọ́ di oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, nígbà tí wọ́n bá ń dé láti Òkè Ọya. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé tata tí pátákò màlúù ń ta jáde ló ń lé kiri, eégbọn kò tó nǹkan nínú oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ má dúró de ìwé àṣẹ inú igbó. Ọ́fíìsì kan á ní kí ẹ kọ lẹ́tà, èkejì á ní kí ẹ fi òǹtẹ̀ lù ú, ẹ̀kẹta á ní ọ̀gá ò sí níjokòó, títí sáà á fi parí. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tó yín. Tí ẹ bá fẹ́ ra awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ẹ ra 8x42. Mẹ́jọ ni ìlọ́po tó ń sún nǹkan mọ́ni, 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà. Èyí tí ìlọ́po rẹ̀ jẹ́ 30 tí ọlọ́jà ń fi yangàn kò wúlò, ọwọ́ tó gbọ̀n díẹ̀ ti bà á jẹ́.

Ẹ má sì máa fi fóònù gbé ohùn ẹyẹ sí i léraléra. Akọ á rò pé ọ̀tá wọ ilé òun, á fi ọmọ sílẹ̀ máa lé òjìji.

Ní ti odídẹrẹ́, bí ẹ bá kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má dárúkọ igbó tàbí abúlé tí ẹ ti rí i. Inú ihò igi ló ń yé sí, àwọn tó ń mú un ń ka WhatsApp bí àwa náà ṣe ń kà á. Láti 2017 ni òfin CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, ti fòpin sí títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Àwọn tó yẹ kó mú un ṣẹ, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Orúkọ Látìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ní lẹ́tà kékeré lábẹ́ àwòrán, kó dà gẹ̀rẹ̀: Ploceus cucullatus. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba lẹ́tà ńlá. Ẹyẹ tí ìlú kan ń pè ní àṣá, ìlú kejì lè máa pè é ní àwòdì, àwọn òbí á sì sọ ọ́ di ìjà. Ẹ kọ Milvus migrans sábẹ́ èyí tí ìrù rẹ̀ là sí méjì lẹ́yìn, kálukú á mọ ẹyẹ tí ẹ ń wí, á sì fi orúkọ ìlú tirẹ̀ pè é.