Kí ló dé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń fi dandan lé ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ?

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ 600 ni mò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Wọ́n ní láti sáà tó ń bọ̀, dandan ni kí gbogbo wa máa lo Moodle, ìyẹn ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí olùkọ́ fi ń kọ́ni, tó sì fi ń ṣe ìdánwò. Iná kì í dúró, dátà sì wọ́n. Kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi ń fipá mú wa?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ owó àti àyẹ̀wò wà níbẹ̀. TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, tí òfin ọdún 2011 gbé kalẹ̀, máa ń sanwó irinṣẹ́ fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni NCCE, àjọ tó ń mójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, máa ń wo irinṣẹ́ bí wọ́n bá wá ṣàyẹ̀wò fún ìfọwọ́sí. Kò sí ọ̀gá tó fẹ́ kí wọ́n bá yàrá kọ̀ǹpútà òun nínú eruku. Ọdún 2020 tún dá kún un: nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, ibi tí kò ní nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí ohun dì mú. Àwọn ọmọ yín náà, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe JAMB, torí láti 2015 ni ìdánwò orí bébà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n inú máàkì ni èrè tiyín wà. Ìdánwò ráńpẹ́ oníbèéèrè 10, bí ẹ bá fi ìṣẹ́jú 2 máàkì ìwé kọ̀ọ̀kan, wákàtí 20 gbáko ni fún ẹni 600. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń ṣe ẹyọ kan péré ní sáà, tí èsì á sì jáde nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bí ìdánwò bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣa ìdáhùn, bí ọmọ bá ṣe ń parí ni Moodle ń máàkì tirẹ̀. Ó sì tún ń fi iye ẹni tó gba ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn yín. Bí ọ̀pọ̀ bá ṣi ìbéèrè kan, ẹ má tíì pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè náà ló rú wọn lójú, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni kò wọlé. Ẹ ó lè tún un kọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ibi tó ti sábà máa ń dàrú ni pé kí ẹni 600 jọ ya wọlé ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀: ẹ̀rọ á kú, ariwo á sọ. Ẹ ṣí ìdánwò sílẹ̀ fún wákàtí 48, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 15 láti ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ìbéèrè 40 jọ, kí ẹ̀rọ máa ṣà 10 fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn á dín jíjí ìwé wò kù. Kí ìbéèrè má ju 2 lọ lójú ewé kan, torí bí wọ́n bá ṣe ń ṣí ojú ewé tuntun ni ìdáhùn ń wọlé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ìwọ̀nba díẹ̀ ló máa sọnù.

Ní ti dátà, ẹ má fi fóònù ya ìwé ojú ewé 30 kí ẹ wá gbé e sókè. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 3MB, 90MB nìyẹn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, kì í sábà tó 1MB. Ẹ fi fídíò sílẹ̀ ná: wákàtí kan ohùn yín, bí ẹ bá gbà á sílẹ̀ ní ìwọ̀n fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní 32 kbps, kò ju nǹkan bí 14MB lọ. Áàpù Moodle á jẹ́ kí wọ́n wà á sínú fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà, kí wọ́n gbọ́ ọ nílé láìtan dátà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka iye àwọn tí kò ní fóònù tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gba àkókò fún wọn ní yàrá kọ̀ǹpútà láàárín wákàtí 48 yẹn, ní wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìdánwò àkọ́kọ́, ẹ má fún un ní máàkì kankan. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ẹni tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀.