Èsì: Kíkọ́ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò
Àbúrò mi, o béèrè bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí jọ́nà (ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ ìwádìí jáde) kankan kò tíì pè láti ṣe olùyẹ̀wò lè kọ́ bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ ìwádìí wò. Ó ṣeé ṣe dáadáa. Lọ sórí bioRxiv, ìkànnì tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí ń gbé iṣẹ́ ìwádìí wọn sí, tàbí medRxiv ti ìṣègùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Àwọn olùyẹ̀wò jọ́nà kò tíì fọwọ́ sí àwọn iṣẹ́ ibẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé wọn síta. Mú ẹyọ kan, kí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jọ kà á. Ènìyàn mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Bí ó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n dán wò, ṣé àwọn tí kò lò ó wà níbẹ̀ fún ìfiwéra? Ṣé ohun tí wọ́n rí tó ohun tí wọ́n ń sọ? Kọ èrò rẹ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o gbé e sórí PREreview, ìkànnì tí a ti ń gbé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ síta, pẹ̀lú orúkọ rẹ. Ó ń dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń bá ọ̀gá wọn ṣe iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí fún jọ́nà láìsí ẹni tó dárúkọ wọn.